Ẹ̀yìn Fọ́ọ̀mù

Ohun mẹ́ta kì í kúrò lórí tábìlì akọ̀wé náà: òǹtẹ̀, ìwé ńlá tó ń kọ orúkọ sí, àti agolo gọ́ọ̀mù kan tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ débi pé irun mẹ́jọ péré ló kù lórí rẹ̀. Ó mọ̀ pé mẹ́jọ ni nítorí pé ó ti kà á. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ bá ti rí, kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọdún kejìlá rẹ̀ nìyí lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ní ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà bá na fọ́ọ̀mù sí i láti ìta, á gbà á, á tẹ ohun mọ́kànlá tí kọ̀ǹpútà ń béèrè sínú kọ̀ǹpútà, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí dé etí, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ọ̀gá àkọ́kọ́ tó bá níbẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bébà tí kò bá ní páálí lẹ́yìn, aláìníbaba ni: á ká, á ya, eku á sì jogún rẹ̀. Ọ̀gá yẹn ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe akọ̀wé ní Ìyá Gọ́ọ̀mù. Wọ́n rò pé kò mọ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Kò gùn. Wọ́n ní ó ti di ọdún mẹ́rin léraléra tí ẹ̀ka náà kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ tó. Bí fọ́ọ̀mù ogójì kò bá pé kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó máa kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò ti ẹ̀ka náà pa, yàrá àyẹ̀wò yóò sì di ibi ìkó-àga-sí. Fọ́ọ̀mù mẹ́rìndínlógún ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà sínú àpòòwé rẹ̀. Wọn kò ní lé e kúrò níṣẹ́. Fèrèsé mìíràn pọ̀ tí wọ́n lè gbé e lọ. Ohun tó ń dùn ún ju iṣẹ́ lọ. Nínú yàrá àyẹ̀wò yẹn ni òun náà ti kàwé, nígbà tí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ṣì wà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, láti agogo márùn-ún ààbọ̀ títí di agogo mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ló fi ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó rántí bàtà tó ń wọ̀, bí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣe já ní oṣù kejì tó sì fi wáyà dì í. Ó rántí àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó jẹ́ pé bí ẹni tó fẹ́ dìde lèèyàn ṣe ń jókòó lórí rẹ̀. Ó rántí ìdánwò tó fi ibà ṣe, ìbéèrè kẹrin tí kò lè parí, àti bí ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ṣe sùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni pé òun náà mọ̀ pé ìdánwò ni. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n fagi lé kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè fún un mọ́.

Ọ̀gá ẹ̀ka náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ kéré sí akọ̀wé, “Màmá wa” ló sì máa ń pè é. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀, bíi ti ẹni tó sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná tí kò rí ibi gbé e sí. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé àwọn èèyàn kò wá nítorí pé wọn kò rí ẹ̀ka náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ó ń ya pátákó. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wà lára ògiri ilé ìkàwé, ó wà níbi tí ọkọ̀ ti ń gbèrò. Bí lẹ́tà ìgbìmọ̀ ti dé, ó tún ṣe ńlá kan. Ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun, ó dúró ti ẹ̀rọ kan tó ń dán yanran, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ỌJỌ́ Ọ̀LA TI DÉ, WÁ DI ẸNI ŃLÁ.

Bàbá Ìgò, tó ti ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò láti ìgbà tí ọ̀gá ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé, wo pátákó náà títí. Ó béèrè pé ẹ̀rọ wo nìyẹn. Ọ̀gá ní àwòrán lásán ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí i.

“Ó dáa,” ni Bàbá Ìgò wí. “Bí wọ́n bá dé, tí wọ́n ní ká fi ẹ̀rọ náà han àwọn, màá ní ó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀.”

Pátákó náà wà lóde fún ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀. Fọ́ọ̀mù méjì ló mú wá, ọ̀kan sì jẹ́ ti ẹni tó ṣìnà. Ẹ̀ka òfin ló ń wá.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ní kí akọ̀wé kó fọ́ọ̀mù àwọn ọdún tó ti kọjá jáde, kó ka ìdí tí oníkálukú fi fẹ́ wá, kí òun lè mọ ohun tí òun máa kọ sórí pátákó tó kàn. Ìdí náà wà lójú fọ́ọ̀mù, àpótí mẹ́rin téèyàn á fàmì sí ọ̀kan: iṣẹ́ tó lówó lórí, ìfẹ́ òbí, iyì, ohun mìíràn. Ọjọ́ méjì ni akọ̀wé fi kà á. Nínú ẹni mẹ́wàá, mẹ́jọ ló fàmì sí iṣẹ́ tó lówó lórí. Inú ọ̀gá dùn. Ó ní òun kúkú mọ̀; owó ni wọ́n ń wá, owó la ó fi pè wọ́n.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé ti rí ohun kan tí kò bára mu. Nínú àwọn mẹ́jọ tó fàmì síbẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá gbà wọ́n wọlé, márùn-ún kì í yọjú. Ẹni tó ń lé owó, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn owó fún, kí ló dé tí kò wọlé? Kò sọ ọ́ jáde. Etí ìwé ló kọ ọ́ sí.

Yàrá méjì ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ náà sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù abọ́ láìtíì kọ nǹkan kan sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ọmọ ṣe ń fọ abọ́, ìyá ń nù ún, ó bi í pé irú pátákó wo ló lè mú un yan sáyẹ́ǹsì. Ọmọ ní kò sí. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń ya fọ́tò níwájú ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn, Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè é.

“Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìdí tóo fi fẹ́ lọ kàwé, kí lo máa fàmì sí?”

“Owó.”

“Ṣé owó ni?”

“Rárá. Ṣùgbọ́n àpótí ni wọ́n gbé síwájú mi, Màámi. Ẹni tó gbé àpótí síwájú èèyàn, àmì ló fẹ́ rí, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀.” Ó gbé abọ́ kan fún un. “Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé owó ló ń gbé yín lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yẹn?”

Akọ̀wé nu abọ́ náà gbẹ, ó tún un nù. Ẹnì kankan kò bi í rí. Ó rántí ilé ìfọṣọ, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí irin tó dógùn-ún ti kọ ilà pupa sí láyà. Ìyá tó ni ilé ìfọṣọ fún òrom̀bó wẹ́wẹ́ sí i, ó fi iyọ̀ ra á, ó sá a sóòrùn, ilà náà sì lọ bí ẹni pé kò wà níbẹ̀ rí. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá náà dá a lóhùn pé, “Aṣọ ni mo gbà ọ́ kóo wá fọ̀, n ò gbà ọ́ kóo wá fọ ọ̀rọ̀.” Ọdún méjì ni ìdí náà fi há a lọ́fun bí egungun ẹja kó tó lọ forúkọ sílẹ̀.

“Òrom̀bó wẹ́wẹ́ ni,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé ìyá òun kò ṣàwàdà.

Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀, òjò kan rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí akọ̀wé ṣí ọ́fíìsì láàárọ̀, omi ti gba àjà kọjá, ó ti ń kán sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí fáìlì wà. Ọdún mẹ́jọ fọ́ọ̀mù ló ń wẹ̀. Òun àti Bàbá Ìgò kó wọn lọ sórí àwọn tábìlì gígùn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n tẹ́ wọn lọ bẹẹrẹ. Gọ́ọ̀mù ti rẹ, kò dì mọ́. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kan, á bọ́ kúrò lára páálí bí èèpo ṣe ń bọ́ lára ẹ̀pà tí wọ́n rẹ sómi, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dojú kọ wọ́n.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìlà mẹ́wàá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì ló fi í síbẹ̀ lọ́dún tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀: *Fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ sọ fún wa, kí ni ò ń fẹ́ mọ̀, kí ló sì lè dí ọ lọ́wọ́ láti wá?* Kọ̀ǹpútà kì í béèrè rẹ̀. Ohun mọ́kànlá tí kọ̀ǹpútà ń béèrè, ojú fọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn wà. Akọ̀wé mọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń rí i pé àwọn èèyàn kọ nǹkan sí i. Gbogbo ìgbà tó bá dojú fọ́ọ̀mù délẹ̀, ó máa ń rí bírò dúdú àti bírò búlúù, á sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ gọ́ọ̀mù.

Bàbá Ìgò wọ awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

*Ilé-iṣẹ́ bátìrì ni mo ti ń ṣọ́nà. Mo fẹ́ mọ ìdí tí bátìrì fi ń wú bí ẹni tó jẹun jù. Ọ̀sán ni mo máa ń sùn, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo lè wá.*

*Ọmọ mi ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Mo máa ń wo bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ kékeré yẹn ń rí tí èmi ò rí. Mi ò lè kúrò níbi iṣẹ́ kó tó di agogo mẹ́rin.*

*Alágbàfọ̀ ni mí. Omi kànga wa ń sọ aṣọ funfun di àwọ̀ tíì. Mo fi álọ́ọ̀mù sí i, kò gbọ́. Kí ló wà nínú rẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹ máa ń kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́ nígbà kan. Ṣé ẹ ṣì ń kọ́ni?*

Títí ọ̀sán fi pọ́n ni wọ́n fi kà á. Fọ́ọ̀mù igba ó lé méjìlá ni. Àwọn mọ́kànlélọ́gọ́rin ló béèrè fún kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nínú wọn, láti ọdún tí wọ́n ti fagi lé e nítorí pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Àwọn tó kọ owó sẹ́yìn fọ́ọ̀mù kò pé mẹ́wàá.

Akọ̀wé jókòó lórí àga kan. Ìgbà tó jókòó tán ló mọ̀ pé èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ni.

Bàbá Ìgò sọ fún un pé bébà á gbẹ, gọ́ọ̀mù sì pọ̀ ní ọjà. Bó bá wù ú kó lẹ̀ wọ́n padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó yọ awò rẹ̀. “Àmọ́ èmi ti kà á ná. Ìwọ náà ti kà á. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.”

Akọ̀wé kó gbogbo rẹ̀, fọ́ọ̀mù àti páálí, sínú páànù tí wọ́n ń fi gbé ìgò, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọ̀gá ń ya àwòrán pátákó tuntun lọ́wọ́. Akọ̀wé lè ní ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì ló kọ́ òun, òótọ́ ni. Ó lè ní òjò ló bà á jẹ́. Kò sọ ìkankan nínú méjèèjì. Ó gbé páànù kalẹ̀, ó ní kí ọ̀gá ka mẹ́ta péré. Ọ̀gá ka mẹ́ta, ó ka ìkẹrin, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún.

“Níbo ni àwọn wọ̀nyí ti wá?”

“Wọn ò lọ ibì kankan, Ọ̀gá. Èmi ni mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Láti ọdún mẹ́jọ.”

Ọ̀gá gbé páálí kan tó ti rọ̀, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rí ibi tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ó gbé òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Ọdún márùn-ún lòun ti ń fọwọ́ sí páálí láìbéèrè ohun tó wà láàárín páálí àti bébà.

“Màmá wa,” ló wí, “ìta ni mo ń wá ẹnu wọn kiri sí. A ti lẹ ẹnu wọn mọ́ páálí nínú ilé.” Ó fa bébà tó ń ya àwòrán sí, ó ká a rúgúdú.

Àwọn ìgbìmọ̀ kò yí ọjọ́ padà, wọn kò sì yí iye padà. Ohun tí ọ̀gá rí gbà lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn tó ka fọ́ọ̀mù mọ́kànlá sí wọn létí láìmí, ni pé bí àwọn tó fẹ́ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ bá pọ̀ tó, wọn yóò kà wọ́n mọ́ ogójì. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Akọ̀wé tó jẹ́ pé gbólóhùn mẹ́wàá kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ lójúmọ́ wá di ẹni tó ń pe èèyàn lórí fóònù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún kò lọ mọ́. Ẹnì kan ní òun ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹnì kan bi í pé ṣé ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni, ó sì pa fóònù. Olùṣọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́; ó ní òun ti di bàbá àgbà báyìí, ṣùgbọ́n bátìrì ṣì ń wú. Ohun kan náà ni akọ̀wé ń sọ fún gbogbo wọn: kí wọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n mú ohun tí wọ́n béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ omi, kí wọ́n bù ú wá. Bó bá jẹ́ bátìrì tó wú, kí wọ́n gbé e wá jẹ́jẹ́.

Nọ́ńbà alágbàfọ̀ wà lára àwọn tí kò lọ. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lójú fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé fẹsẹ̀ rìn lọ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ooru yàrá náà kò jẹ́ kó béèrè ibi tí òun dé. Òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ tí àyọ́ọ̀nù ń tẹ̀ ti sọ fún un láti òpópónà. Agbada mẹ́ta wà nílẹ̀. Okùn aṣọ fà láti igun dé igun, ìṣó tí wọ́n so ó mọ́ ti dógùn-ún, ó sì ń sun omi pupa sára ògiri. Obìnrin tó ń lọ aṣọ níbẹ̀ lè jẹ́ ẹni ọdún márùndínlógójì. Ó kí i, ó bi í bóyá aṣọ ló wá gbà. Akọ̀wé na fọ́ọ̀mù sí i.

Obìnrin náà nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ìdí rẹ̀, ó wo ìkọ̀wé ara rẹ̀.

“Ó ti tó ọdún márùn-ún,” ló wí. “Mo rò pé ẹ kà á, ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

“Ẹnì kankan ò kà á. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín lójú fèrèsé. Mo rí i pé ẹ kọ̀wé sí i. Mo fi gọ́ọ̀mù kùn ún.”

“Kí ló dé?”

“Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. N ò béèrè ìdí.”

Obìnrin náà gbé àyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó má bàa jó. Ó ní lọ́jọ́ náà, wákàtí kan lòun tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá òun, ìsáré lòun sì sá dé ojú fèrèsé yẹn, tí òun ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. “Ẹ ò wo ojú mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni akọ̀wé wí.

Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, bí awọ ṣe bó láàárín àwọn ìka. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ síta, ó fi àpá ibẹ̀ hàn án, ibi kan náà gẹ́lẹ́. Ó ní ọdún márùn-ún àti oṣù méjì lòun fi fọṣọ.

Obìnrin náà wò ó fínnífínní. “Àwọn ìka ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ bó,” ló wí.

“Àárín èkejì àti ẹ̀kẹta.”

Nígbà náà ló rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe ìlérí kankan. Ó ní Sátidé ni ọjọ́ tí aṣọ máa ń pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, Bàbá Ìgò yọ pátákó Oníbúrẹ́dì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: MÚ ÌBÉÈRÈ RẸ WÁ. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wá. Ọ̀gá ti múra ọ̀rọ̀ àkọsọ ojú ewé mẹ́rin sílẹ̀. Bàbá Ìgò bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun kó jókòó, kó máa kọ ohun tí wọ́n bá ń sọ sílẹ̀. Ó jókòó, ó ń kọ, ojú rẹ̀ sì ń là bí ẹni tí wọ́n ń ka lẹ́tà ìfẹ́ fún. Olùṣọ́ gbé bátìrì rẹ̀ wá nínú àpótí bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá ọmọ alárùn ṣúgà dúró ti ẹ̀rọ kan tó ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá lójú fún odindi wákàtí kan, wọ́n sì ní láti rọ̀ ọ́ kó jẹ́ kí ẹlòmíràn fojú sí i.

Agogo méjì ti kọjá kí alágbàfọ̀ tó wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Bàbá Ìgò kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìgò oògùn àyẹ̀wò kékeré kan àti ohun ìkán-oògùn lé e lọ́wọ́, ó ní kó bu omi náà sínú abọ́ funfun, kó kán méjì sí i fúnra rẹ̀. Ó kán an. Omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

“Irin ni,” ni Bàbá Ìgò wí. “Kò hàn sójú, ó yọ́ sínú omi náà. Da omi láti òkè sínú agbada kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, sẹ́ ẹ lára yanrìn. Irin náà á rọ̀ sílẹ̀.”

“Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi ń mú kó rọ̀ sílẹ̀?”

Akọ̀wé, tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mọ ohùn tí wọ́n fi béèrè ìbéèrè yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí, láti ẹnu ara rẹ̀, pẹ̀lú òrom̀bó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́.

“Ìyẹn gùn ju ọ̀sán òní lọ,” ni Bàbá Ìgò dáhùn. “Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé la ó ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ fún wa.”

Obìnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó lọ. Kò gba fọ́ọ̀mù.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù abọ́, ó yí i sí ẹ̀yìn, ó bi í ní ohun tó wà níbẹ̀, kò sì dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Omi tó wà lórí iná gbẹ. Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì lọmọ náà fẹ́. Àwòrán ilé ló fẹ́ máa yà, ilé tí òjò kò ní máa wọ̀. Ìyá náà mi orí pé ó dáa, ó fún un ní bírò.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlógójì ló wà lórí tábìlì. Àwọn kan tó ṣèlérí ní Sátidé kò wá mọ́. Àwọn kan tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n wá. Ọ̀gá ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Ìgò ní kó jókòó, ó ń mú kí ilẹ̀ tètè jẹ. Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mẹ́ta ààbọ̀. Akọ̀wé kò wo aago. Ó ń ka irun búrọ́ọ̀ṣì.

Ọwọ́ kan na fọ́ọ̀mù wọlé láti ojú fèrèsé. Ọwọ́ náà tutù, omi sì ti kán sí igun bébà. Akọ̀wé wo ojú rẹ̀ kó tó wo fọ́ọ̀mù.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ló wí. “Ẹ sáré.”

“Mo sáré,” ni alágbàfọ̀ wí, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

Akọ̀wé kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó dojú fọ́ọ̀mù náà délẹ̀, ó sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀, lójú ẹni tó kọ ọ́. *Mo da omi náà láti òkè, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Aṣọ náà funfun. Mo ṣì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Kò sí ohun tó lè dí mi lọ́wọ́ àfi ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ yẹn ni ilé ìtura kan ń kó aṣọ wá.*

“A ó gbé ti ọjọ́ Ẹtì lọ sí Ọjọ́bọ̀,” ni akọ̀wé wí. Kò tíì bi ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni títí awò fi fẹ́ jábọ́ lójú rẹ̀.

Ó tẹ ohun mọ́kànlá sínú kọ̀ǹpútà. Ó lu òǹtẹ̀. Ó lu ihò méjì sí etí fọ́ọ̀mù náà, ó fi okùn so ó mọ́ àwọn yòókù, kí ojú àti ẹ̀yìn lè máa ṣí. Agolo gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, bírò ló kún inú rẹ̀ báyìí.

Ogójì pé. Àwọn mẹ́ta mìíràn sì tún wà lórí ìlà lẹ́yìn alágbàfọ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé ìgò kan tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé dání. Akọ̀wé nawọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹni tó gbé ìgò náà, ó yí i sí ẹ̀yìn.